Pẹpẹ Tí A Kàn fún Màámi

Wíìgì kan tó gùn dé ìdí, àádọ́rùn-ún pọ́n-ùn ni mo ń tà á ní ìsọ̀ mi. Irun gidi ni, ó mọ́, ó ń dán, ẹni tó bá rà á á gbé e sórí lọ síbi iṣẹ́, á gbé e lọ síbi ìgbéyàwó, á sì fi ya fọ́tò tí wọ́n máa rí dé abúlé. Síbẹ̀ wọ́n á máa ná an mọ́ mi lọ́wọ́ bí ẹni ń ná adìẹ tó ṣàìsàn. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí ọkọ mi gbé igi kan wọlé, tó dúdú, tí kòkòrò ti lu, tí orí ìṣó tó ti dípẹtà ṣì yọ lára rẹ̀, tó ní ọgọ́fà pọ́n-ùn lòun rà á, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ wò, bóyá ẹnì kan wà níbẹ̀ tó ń na ìbọn sí i.

"Ọgọ́fà kí ni?"

"Pọ́n-ùn."

"Igi ìdáná?"

"Igi óòkù ni, Ìyálọ́jà. Ara ilé iṣẹ́ òwú àtijọ́ ni wọ́n ti tú u, ní Bolton. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún."

"Ohun tó bá ti gbó tó bẹ́ẹ̀ ló ń gbówó lórí báyìí? Ẹ má tíì tà mí o. Ẹ jẹ́ kí n gbó sí i."

Ìyálọ́jà ni ọkọ mi máa ń pè mí tó bá fẹ́ kí n dákẹ́. Kò tíì ṣiṣẹ́ rí.

Ọ̀rọ̀ igi yìí, ọ̀dọ̀ Màámi ló ti ṣẹ̀. Ilé tí à ń gbé ní Swinton, ilé àtijọ́ ni, ó ní ààrò nínú ògiri pálọ̀ bíi gbogbo ilé tí àwọn òyìnbó ayé ọjọ́un kọ́. Iná gáàsì tó wà nínú rẹ̀ ń jò, ọkùnrin tó wá yẹ̀ ẹ́ wò sì ní ká yọ ọ́ kó tó yọ àwa náà kúrò láyé. A yọ ọ́. Ihò ló kù. Mo ti páálí irun bọ inú rẹ̀, mo ta aṣọ bò ó, mo sì gbàgbé pé ó wà níbẹ̀.

Àfi ìgbà tí vísà Màámi jáde. Àwọn tó ń fúnni ní vísà ti kọ́kọ́ fi dù wọ́n, wọ́n ní kò dá àwọn lójú pé Màámi máa padà sílé. Arúgbó tó ní ìjọ, tó ní ẹgbẹ́ àdúrà, tó ní adìẹ tó ń sàba lọ́wọ́, kí ló fẹ́ rí ní Swinton tí kò fi ní padà? Àwa tí à ń gbé ibẹ̀ gan-an ń ronú àtipadà. Nígbà tí a tún un béèrè ni wọ́n tó fún wọn, oṣù mẹ́fà. Mo ra tíkẹ́ẹ̀tì kíákíá, èyí tó dínwó jù, irú èyí tó jẹ́ pé ẹni tó bá rà á ti rà á nìyẹn, kò sí mo-fẹ́-dá-a-padà.

Ohun tí mo fẹ́ kò pọ̀. Láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yìí, èmi ni mo máa ń lọ kí Màámi. Ilé àbúrò mi ọkùnrin ni wọ́n ń gbé, ibẹ̀ ni mo sì ti ń bá wọn, ìkòkò ìyàwó àbúrò mi la ti ń bù jẹ. Màámi kò tíì jẹun nínú ilé tèmi rí. Ẹ lè rò pé ohun kékeré ni. Obìnrin tí ìyá rẹ̀ kò tíì wọ ilé ìdáná rẹ̀, kó ṣí ìkòkò wò, kó sọ pé iyọ̀ ti pọ̀ jù, ó ṣì ń gbé ilé onílé ni, bó ti wù kó pẹ́ níbẹ̀ tó.

Mo gbé fóònù yí ilé ká kí wọ́n lè rí ibi tí wọ́n ń bọ̀. Mo fi yàrá wọn hàn wọ́n, mo fi bẹ́ẹ̀dì hàn wọ́n. Nígbà tí mo fi máa dé pálọ̀, aṣọ ojú ihò ti jábọ́.

"Kí nìyẹn?"

"Níbo, Mà?"

"Ihò yẹn. Ó dà bí ẹnu ẹni tó ń sùn."

"Ibi tí wọ́n ti ń dáná tẹ́lẹ̀ ni, Mà."

"Nínú pálọ̀? Ṣé ẹ ò ní ilé ìdáná ni?"

"A ní in, Mà. Nítorí òtútù ni wọ́n ṣe ń dáná níbẹ̀."

"Ẹ wá nǹkan ṣe sí i kí n tó dé. Mi ò lè jókòó kí n máa kọjú sí ihò. Ihò tèmi ń bọ̀, kò sí ìkánjú."

Ẹ rí i pé mi ò lọ jí ẹnu mi níbì kankan. Mo jogún rẹ̀ ni.

Ọkọ mi, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Bolton, gba ọ̀rọ̀ ihò náà bí ìgbà tí àna rẹ̀ bú u. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo fídíò lórí fóònù, àwọn òyìnbó onírùngbọ̀n tí wọ́n ń fọwọ́ pa igi lára bí ẹni ń rẹ ọmọ. Ó ní òun máa ra iná mànàmáná kékeré kan tó rí bí ààrò tí igi ń jó nínú rẹ̀, sínú ihò náà, òun á sì gbé igi ńlá kan sókè rẹ̀, gbọọrọ, tó máa yọ jáde lára ògiri, tí èèyàn á lè to nǹkan sí.

"Kí la tiẹ̀ ń pè é ní Yorùbá?" Ọmọ Èkó ni, Yorùbá rẹ̀ ní ibi tó ti máa ń gbẹ.

"Pẹpẹ," mo dá a lóhùn. "Kí ló tún kù?"

Bí mo ṣe mọ̀ ọ́n nìyẹn. Nínú ilé tí wọ́n bí mi sí, pákó kan wà lára ògiri tí Màámi ń to abọ́ tánganran wọn sí, àwọn abọ́ tí ẹnikẹ́ni kì í jẹun nínú wọn àfi àlejò tó bá ti ọ̀nà jíjìn wá. Pẹpẹ ni wọ́n ń pè é. "Gbé abọ́ yẹn padà sórí pẹpẹ kí n tó gbá ọ létí." Ẹnu wọn ni mo ti kọ́ ọ.

Nígbà tí igi dé, mo ní kí ọkọ mi fá a kó jọ̀lọ̀, kó sì kùn ún ní fáníìṣì tó ń dán, kí Màámi lè mọ̀ pé ọgọ́fà pọ́n-ùn là ń wò. Ọmọ mi obìnrin, tí mo bí síbí, tó ń lọ sí yunifásítì, tó máa ń wá sílé lópin ọ̀sẹ̀ wá kó oúnjẹ, ló fo sókè.

"No, Mummy, ẹ má fá a. It's rustic."

"Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

"Kó kàn rí… bíi ti oko."

Mo jókòó. Èmi tí mo sá fún oko, tí mo wọ ọkọ̀ òfuurufú kí oko má baà rí mi mọ́, oko ti wá mi dé Swinton, a sì tún sanwó ọkọ̀ fún un.

Ọkọ mi fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha igi náà, ó fi oògùn sí ihò kòkòrò, ó fi ìda pa á títí tí àwọ̀ rẹ̀ fi jáde bí àwọ̀ ẹran gbígbẹ. Lẹ́yìn náà ó kọjú sí ògiri. Ó gbẹ́ sìmẹ́ǹtì ojú ògiri kúrò títí tó fi rí bíríkì, torí ó ní inú bíríkì nìkan ni nǹkan wúwo ti lè dúró. Ihò àkọ́kọ́ tó lu, àárín bíríkì méjì ló bọ́ sí. Sìmẹ́ǹtì ibẹ̀ ti kú, ó ń dà wálẹ̀ bí èlùbọ́. Kó tó dá ẹ̀rọ tó fi ń lu ihò dúró, ihò náà ti gba ẹyin adìẹ.

Ó jókòó sílẹ̀, eruku ti sọ ọ́ di eégún.

"Dádì," mo ní, "ihò kan la fẹ́ dí. Ẹ ti sọ ọ́ di méjì."

"Lọ sí ìsọ̀ rẹ."

Ó sún un sókè díẹ̀, ó lu bíríkì tó le, ó fi gúlúù kan kún inú ihò, irú èyí tó jẹ́ pé tó bá gbẹ, òkúta ló dà, ó sì ti ọ̀pá irin bọ̀ ọ́. Nígbà tó gbẹ, òun àti èmi àti ọmọ wa gbé igi náà kí ihò ẹ̀yìn rẹ̀ lè wọ àwọn irin tó yọ lára ògiri. Ọ̀kan kò bá ara mu. A sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó fẹ ihò yẹn lójú, a tún un gbé, èémí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ sílé ṣáájú mi. Ó wọlé. Ọkọ mi fọwọ́ méjèèjì rọ̀ mọ́ ọn, ó gbé ẹsẹ̀ kúrò nílẹ̀, igi náà kò mira.

Ó dára. Mo ti fi í ṣe yẹ̀yẹ́ tó, ó yẹ kí n sọ ìyẹn. Ó jókòó sára ògiri yẹn bí àgbà tó ti máa ń jókòó síbẹ̀.

Ọmọ wa ló ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Ó to àbẹ́là funfun mẹ́ta sí apá kan, ó fi koríko gbígbẹ kan sínú ìgò sí apá kejì, koríko tí wọ́n ń tà fún ẹwà, tí orí rẹ̀ fẹ̀ yẹ́ẹ́, tó sì funfun. Èmi gbé fọ́tò Bàámi olóògbé sí àárín, tòun ti fìlà, kí Màámi lè máa rí wọn láti orí àga. Mo tẹ́ aṣọ funfun sábẹ́ fọ́tò náà kí igi má baà ha á. Ọkọ mi tan iná mànàmáná tó ti rà sínú ihò nísàlẹ̀. Mo ya fọ́tò gbogbo rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí fóònù àbúrò mi, mo sì gba ohùn mi tẹ̀ lé e:

"Màámi, pẹpẹ yín ti dúró o. Bàámi la gbé sí àárín, iná ń jó níwájú wọn, òtútù ò ní mú wọn mọ́. Ẹ̀yin nìkan ló kù. Ẹ tètè máa bọ̀, ẹ̀yin la ń dúró dè."

Mo sì rẹ́rìn-ín sí ìdí ọ̀rọ̀ náà. Ohùn yẹn ṣì wà lórí fóònù mi. Mo ti gbọ́ ọ ju bó ti yẹ lọ.

Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé ìsọ̀jí ń lọ lọ́wọ́ ní ìjọ Màámi lọ́sẹ̀ náà, ohun tí wọ́n sì ń gbàdúrà lé lórí ni wíwó pẹpẹ ilé baba. Inú ààwẹ̀ ni Màámi wà. Wọ́n ti ké títí ohùn wọn fi há. Bí wọ́n ṣe ti ìsìn dé ni àbúrò mi gbé fóònù fún wọn, kí ọkàn wọn lè fúyẹ́.

Ìsọ̀ ni mo wà nígbà tó pè mí, nítòsí Ardwick, mo ń ya irun fún nọ́ọ̀sì kan.

"Sìsítà mi, kí lẹ fi ránṣẹ́ sí Màámi?"

"Fọ́tò. Ṣé wọ́n fẹ́ràn rẹ̀?"

"Wọ́n ní kí n bi yín, pẹpẹ ta ni?"

"Tiwọn ni," mo ní. Mo rò pé à ń ṣeré.

"Wọ́n tún ní ta ló ni ìrùkẹ̀rẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàámi."

Ìgbà yẹn ni mo ṣí fọ́tò náà, tí mo wò ó bí ẹni tí kì í ṣe òun ló yà á. Aṣọ funfun. Àbẹ́là. Nǹkan funfun kan tó dúró bí ìrù ẹṣin. Òkú láàárín, iná lẹ́sẹ̀ rẹ̀, igi dúdú tó ti gbó tó ti tọ́ ló gbé gbogbo rẹ̀ dání. Èmi tí mo tò ó, ẹ̀rù rẹ̀ bà mí.

Lọ́jọ́ náà, bí ọkọ mi ṣe ti ibi iṣẹ́ dé, ó ní òun máa yanjú ẹ̀, pé àna òun ò lè kọ ọ̀rọ̀ sí òun lẹ́nu. Ó pè wọ́n, ó ṣí ohùn fóònù sílẹ̀ kí n lè gbọ́.

"Màmá, ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Mà. Kì í ṣe pẹpẹ bí ẹ ṣe rò ó, Mà. Ṣẹ́ẹ̀fù lásán ni."

"Ṣẹ́ẹ̀fù."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

"Ṣẹ́ẹ̀fù lẹ tan àbẹ́là fún?"

"A ò tàn án, Mà. Ẹwà lásán ni."

"Iná tó ń jó lẹ́sẹ̀ ọkọ mi ńkọ́? Ìyẹn náà, ẹwà?"

"Kì í ṣe iná gidi, Mà. Igi inú rẹ̀ kì í jó tán. Bó ṣe máa wà títí nìyẹn."

Màámi rọra tún un sọ, bí ẹni ń ka Bíbélì: "Iná ń jó, igi kò run."

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu mi. Mi ò pè é. Bí èèyàn á ṣe sín ló ṣe wá. Mo fọwọ́ bo ẹnu, ó ti bọ́.

"Ó ń rẹ́rìn-ín," Màámi sọ. Kì í ṣe èmi ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀, ọkọ mi ni. "Ẹ sọ fún un pé mi ò bọ̀."

Màámi fúnra wọn ló tún pè mí, kò pẹ́ púpọ̀ sí i. Ohùn wọn ti yàtọ̀, kò sí ìbínú nínú rẹ̀, ìyẹn ló kọ́kọ́ já mi láyà. Mo ti mọ̀ pé wọ́n bí ọmọ kan ṣáájú mi tí kò dúró. Mi ò mọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ní nígbà tí wọ́n sọ ọmọ náà lórúkọ tán, àwọn ẹbí Bàámi ní kí wọ́n gbé e wá síwájú pẹpẹ ilé, kí àwọn bàbá lè rí i.

"Ọwọ́ ara mi ni mo fi gbé e lọ," wọ́n ní. "Mo tẹ́ aṣọ funfun fún un, bí èyí tí o tẹ́ yẹn. Kò pẹ́ ló lọ. Mi ò sọ pé ohun tó wà níbẹ̀ ló pa á. Mi ò mọ ohun tó pa á. Ṣùgbọ́n mo ti sọ ọ́ láàárín èmi àti Ọlọ́run mi pé mi ò ní tún wọ ilé tí irú ẹ̀ bá wà. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Mà."

"O ò rẹ́rìn-ín."

"Rárá, Mà."

A kó gbogbo rẹ̀ kúrò. Mo da koríko nù, mo gbé Bàámi lọ sí yàrá, mo ya fọ́tò igi náà ní ìhòòhò, mo fi ránṣẹ́. Èsì tó wá ni pé pẹpẹ tí wọ́n palẹ̀ orí rẹ̀ mọ́, pẹpẹ náà ni, wíwó ni wọ́n ń wó o. Ọkọ mi mú ayùn jáde. Ó ní gúlúù yẹn kò lè tú mọ́ láyé, bí òun bá fa igi yọ, ògiri á tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n òun lè fi ayùn rẹ́ ẹ kúrò létí ògiri. Ó dúró síbẹ̀, ó ń wo ojú mi. Gbogbo òógùn rẹ̀ ló fẹ́ rẹ́ yẹn.

Mo ní kó fi í sílẹ̀.

Mi ò ṣe é láti fi ko ìyá mi lójú. Ọ̀nà tí mo mọ̀ ni mo tọ̀. Oníbàárà tó bá sọ pé òun ò rà mọ́, tó ń lọ, ẹ má pè é. Ẹ jókòó jẹ́ẹ́, ẹ máa to irun yín. Tó bá dé ìsọ̀ kẹta, á yíjú padà. Ọ̀nà yẹn ni mo fi tọ́mọ, òun ni mo fi ra ilé. Mo ní Màámi á yíjú padà. Ọjọ́ ìrìn-àjò kò tíì pé, àpótí wọn ṣì wà ní dídì, àbúrò mi sọ fún mi pé wọn ò tíì tú u. Mo wá jókòó jẹ́ẹ́.

Ta ló kọ́ mi lọ́jà? Lẹ́yìn Màámi ni mo ti kọ́ ọ, nígbà tí wọ́n ń ta aṣọ, tí mo jókòó sábẹ́ tábìlì wọn. Bíi ti oníbàárà yẹn, àwọn náà ti fi ọjà sílẹ̀, wọ́n ń lọ díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń retí kí n pè wọ́n. Èmi jókòó, àwọn ń lọ. Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ láàárín àwa méjèèjì.

Lọ́jọ́ tó yẹ kí wọ́n dé, mo se ọbẹ̀. Mo ní ó lè jẹ́ pé Màámi ti wọ ọkọ̀, tí àbúrò mi kàn fi pamọ́ fún mi kó lè dá mi lára yá. Ọkọ̀ òfuurufú náà balẹ̀ ní Manchester, mo rí i lórí fóònù. Ẹnikẹ́ni kò pè mí láti pápákọ̀. Ọkọ mi jẹ ọbẹ̀ náà, kò sọ nǹkan kan nípa iyọ̀.

Vísà kú. Orúnkún Màámi náà ò dáa mọ́. Àbúrò mi ló ń gbé wọn láti orí bẹ́ẹ̀dì sórí àga báyìí, kò sì sí dókítà tó máa fọwọ́ sí i pé kí wọ́n wọ bàálù. Igi náà ṣì wà. Aládùúgbò wa kan, òyìnbó, wọlé wá gba páálí tí wọ́n já síbí fún un, ó fọwọ́ kan igi náà, ó ní ó dára gan-an, ó bi ọkọ mi bóyá ó lè bá òun ṣe irú rẹ̀. Ọkọ mi ní òun ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Èmi àti Màámi ti ń sọ̀rọ̀ dáadáa. A ti ń bú ara wa bíi ti àtijọ́. Ní ọjọ́ kan, wọ́n kàn mú ọ̀rọ̀ pẹpẹ náà jáde láìròtẹ́lẹ̀.

"Ká ní o wó o nígbà yẹn, ǹ bá wá."

"Ká ní ẹ wá, Mà, ǹ bá wó o."

"Mo mọ̀."

Mo ń gbọ́ adìẹ wọn lẹ́yìn. Wọ́n bi mí kí ni mo sè, mo sọ ọ́ fún wọn, wọ́n ní ó dáa, kí n má fi iná pa á.

Ọmọ wa ló bá mi kọ̀wé sí àwọn ọlọ́kọ̀ òfuurufú, pé arúgbó kò lè wá, kí wọ́n ṣàánú wa. Ó pẹ́ kí wọ́n tó fèsì. Wọ́n ní wọ́n bá wa kẹ́dùn, owó tíkẹ́ẹ̀tì ti lọ, ṣùgbọ́n owó orí tí ìjọba ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó bá wọ ọkọ̀, wọ́n máa dá ìyẹn padà, torí Màámi kò wọ ọkọ̀. Mo wà ní ìsọ̀, mo ń ya irun lọ́wọ́, nígbà tí fóònù mi dún pé owó wọlé. Mo nu ọwọ́ mi, mo wò ó. Pọ́n-ùn mọ́kànlélọ́gọ́ta àti pẹ́ńsì méjìdínlógójì.